Mo Ń Ṣọ́ Sìmẹ́ǹtì, Omi Ló Jà Mí Lólè

Ìró kan ló ń lé mi kiri láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Mo lè wà nídìí oúnjẹ, mo lè wà nínú ọkọ̀, ṣàdédé ni yóò dún létí mi: gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Kì í ṣe ìlù o. Háńmà kékeré ló ń dún lára òpó kọnkéré, òpó ilé tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ lọ́nà Akóbọ̀ ní Ìbàdàn. Kọnkéré tó bá pé a máa dún kán-ín, kán-ín, bí ẹni lu agogo. Èyí tí mo gbọ́ yẹn dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn yàrá òfìfo.

Láti ìgbà náà, kò sí òpó tí mo rí tí n kì í kàn. Mo ti kan ti báńkì, mo ti kan ti ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún kan òpó ilé bàbá òun lójú àwọn àlejò, òun ò ní bá mi jáde mọ́. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

## Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú pákó

Òpó mẹ́jọ ni wọ́n da kọnkéré sí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ní àárọ̀ Sátidé, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ara wọn. Àkọ́kọ́ jáde, ó dán. Ìkejì, ìkẹta, wọ́n dán. Mo ti ń ya fọ́tò tí n ó fi sí WhatsApp. Ìgbà tó kan ìkẹjọ, ìyẹn èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí bíìmù méjì yóò ti pàdé lórí rẹ̀, káfíńtà tú pákó kan, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó bá lọ mumi.

Mo sún mọ́ ọn. Láti ilẹ̀ títí dé ibi tí orúnkún mi mọ, òkúta lásán ló kó jọ síbẹ̀, bí ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọn ò fi epo sí. Kò sí ohun tó so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Mo ti ìka bọ àárín òkúta méjì, ìka mi wọlé tán, orí rẹ̀ sì kan nǹkan tútù. Irin ni. Irin tí wọ́n ní yóò gbé ilé mi ró títí ọmọ ọmọ mi yóò fi dàgbà, ìka ọwọ́ lásán ni mo fi kàn án.

Bàbá Bíríkìlà dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Láńlọ́ọ̀dù, ẹ má mikàn. Ojú ara lásán ni. A ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, a ó fi rẹ́ ẹ. Tó bá gbẹ, ẹ̀yin gan-an ò ní mọ ibẹ̀ mọ́."

Kí n má purọ́, ó kù díẹ̀ kí n gbà. Owó ti ń tán lọ, ojú sì ń tì mí láti bá àgbàlagbà jiyàn lórí iṣẹ́ tó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ohun tó dá mi dúró ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Òótọ́ ni bàbá sọ. N ò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, tí wọ́n kùn ún, tí a gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ibẹ̀ mọ́ láyé, àfi ilé fúnra rẹ̀.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ ẹnjiníà l'Ékòó. Kì í pe èèyàn kó má kọ́kọ́ béèrè ara ilé. Lọ́jọ́ náà, kò kí mi. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án," ló ní. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

## Ìbéèrè kan ṣoṣo

Háńmà rẹ̀ kò tóbi ju èyí tí wọ́n fi ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè òpó. Kán-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kán-ín. Ó dé ìbàdí. Kán-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbọ̀. Ó kan ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tó dán, tí ojú ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Gbọ̀.

Ó nà dìde, ó nu ọwọ́, ó wá bi mí: "Omi kẹ́ẹ̀gì mélòó ni wọ́n ń dà sí àpò sìmẹ́ǹtì kan?"

Mo dákẹ́. Mo mọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tó wọlé, mo mọ iye tó kù. Mo ka àpò òfìfo nírọ̀lẹ́ kí n tó san owó iṣẹ́. Mo mọ iye ọ̀pá irin, mo mọ iye tírípù yanrìn, mo mọ orúkọ awakọ̀ tó gbé òkúta wá. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Omi kò sí níbẹ̀. Láti inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń bu omi, dúrọ́ọ̀mù sì ń gbà á láti inú kànga. Ọ̀fẹ́ ni. Ta ló ń ka ohun ọ̀fẹ́?

"Ibo lo dúró sí nígbà tí wọ́n ń dà á?"

"Mo dúró ti sìmẹ́ǹtì."

"O kọ ẹ̀yìn sí míkísà."

Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tún tẹ̀ síwájú, ó ń wo òpó tó kù. Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi dúró ṣinṣin bí ọlọ́dẹ, tí mò ń wo ohun tí wọ́n lè jí gbé lọ, tí n kò wo ohun tí wọ́n ń kó wọlé. Wọn ò jí sìmẹ́ǹtì mi o. Ohun tó ba òpó ìkẹjọ jẹ́, ohun méjì tí n kò fi kọ́bọ̀ rà ni: omi tó pọ̀ jù, àti afẹ́fẹ́.

## Omi ò lọ́tàá?

Ó kéré tán, ó ní ọ̀kan. Kọnkéré fẹ́ omi, torí omi ló ń jí sìmẹ́ǹtì sáyé. Àwọn tí ń sọ pé kọnkéré "ń gbẹ" kò sọ ọ́ dáadáa. Kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Sìmẹ́ǹtì àti omi jọ ń di nǹkan tuntun ni, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì. Iye omi tí iṣẹ́ yẹn sì gbà kò pọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Tí a bá fún un ní lítà 25, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ la fún un, ìyẹn sì tó fún ilé bíi tèmi. Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn: kẹ́ẹ̀gì epo tó wà nílé gbogbo wa, lítà 25 ló ń gbà. Àpò kan, kẹ́ẹ̀gì kan. Ọmọ kékeré lè kà á.

Duff Abrams ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Chicago ní 1918, lẹ́yìn tó ti fọ́ kọnkéré lóríṣiríṣi láti wo agbára wọn: bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni agbára yóò máa dín kù. Gbé e láti lítà 25 lọ sí 35, agbára rẹ̀ lè fi ìdámẹ́ta dín kù. Omi tí sìmẹ́ǹtì kò lò kò ní jókòó síbẹ̀ títí láé. Yóò bá tirẹ̀ lọ, ọ̀nà tó gbà jáde ni yóò sì fi sílẹ̀: ihò tíntìntín tí ojú ò rí, tí òjò àti afẹ́fẹ́ yóò wá máa gbà padà wọlé.

Tí òjò bá ti pa yanrìn, omi ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu kẹ́ẹ̀gì. Yanrìn tó tutù dáadáa tí wọ́n fẹ́ fi po àpò kan lè ti gbé tó lítà márùn-ún lọ́wọ́. Inú oṣù Kẹfà la da tiwa.

Kí ló dé tí lébírà fi ń da omi sí i? Torí kọnkéré tó ki wúwo, ó sì lágídí. Ẹ gbé páànù rẹ̀ lérí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gun àkàbà, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ṣàn bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí olómi, fúnra rẹ̀ ló ń sáré wọ pákó. Bí mo bá jẹ́ lébírà, èmi náà á da omi sí i.

Ó tún kù. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ojú ọ̀run ṣú. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ lè yára, òjò ń bọ̀!" Èmi ni.

## Láti òkè dé ìsàlẹ̀

Òpó náà ga tó mítà mẹ́ta. Orí àkàbà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń da páànù kọnkéré láti ẹnu pákó lókè. Ẹ rò ó wò bó ṣe ń já bọ́. Ó ń gbá irin òòró, ó ń gbá irin ìdè, ó tún ń gbá òmíràn. Àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ń lẹ̀ mọ́ irin lókè, òkúta tó wúwo ń bá tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tí yóò fi balẹ̀, wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kó já ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Wọn á ṣí fèrèsé sí ara pákó ní àárín, wọn á kọ́kọ́ kún ìsàlẹ̀, wọn á dí fèrèsé, kí wọ́n tó lọ sókè. Nǹkan tí káfíńtà lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ póókà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ inú kọnkéré tútù láti gbọ̀n ọ́n. Kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kún fún afẹ́fẹ́. Tí a kò bá lé e jáde, afẹ́fẹ́ tó kù síbẹ̀, bó jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún kọnkéré náà, ń mú nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Tí póókà bá wọlé, ojú kọnkéré á máa hó, àwọn èéhó kékeré á máa bẹ́. Tí èéhó bá dáwọ́ dúró, ẹ fa póókà jáde díẹ̀díẹ̀, kí ihò tó wọlé sí lè pa dé. Tí ẹ bá já a gbà bí ọ̀bẹ, ihò náà á dúró síbẹ̀.

A háyà póókà. Ó ṣiṣẹ́ lára òpó méje. Nígbà tó kù kó kan ìkẹjọ, epo tán nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra lítà méjì wá ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ó rọrùn láti lọ. Ọkọ̀ mi wà níbẹ̀. Mo ní mi ò lè fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Wọ́n bá mú ọ̀pá irin, wọ́n ń fi gún un, wọ́n ń fi igi gbá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó ń gún un náà sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí pákó náà sì ní àlàfo, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo dí. Bébà ni, omi dé, ó rọ̀, ó yọ jáde. Gbogbo omi sìmẹ́ǹtì tó yẹ kó so òkúta pọ̀ ṣàn gba ibẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀. Mo rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, eérú-eérú lórí ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n fọ páànù síbẹ̀ ni.

## Ẹ̀wù irin

Bàbá Bíríkìlà kò gbà. Ó ní òun ti kọ́ ilé tó lé ní ogójì, kò sí èyí tó wó. N ò rò pé ó ń purọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí irú àléébù báyìí ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jìnnà sí ọjọ́ tí wọ́n gba owó iṣẹ́ tán.

Irin kì í dípẹtà nínú kọnkéré tó dára, torí sìmẹ́ǹtì ń ta. Ó ń ta bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ lébírà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Títa yẹn ló ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin tí ìpẹtà ò fi lè mú un. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta ń wọ kọnkéré lọ láti ìta, díẹ̀díẹ̀, ó ń pa títa náà. Ọjọ́ tó bá dé ara irin, tí omi sì wà níbẹ̀, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Ní etí òkun l'Ékòó, iyọ̀ tún ń bá a ṣe é, kì í tilẹ̀ dúró de ìyẹn. Ìpẹtà sì máa ń wú. Àyè tó ń gbà ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ. Yóò ti kọnkéré láti inú títí yóò fi la. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tó bá ti wá lanu, omi ń wọlé ní gbangba nìyẹn, ìpẹtà á wá máa sáré.

Nítorí náà, sísanra kọnkéré tó bo irin ni ọjọ́ orí ilé. Kì í sì í ṣe ìṣirò tó tọ́ tààrà. Tí kọnkéré kan náà bá fi mìlímítà 25 bo irin, tí afẹ́fẹ́ ń gba 40 ọdún láti dé ibẹ̀, mìlímítà 12 àbọ̀ kò ní gba 20 ọdún. Ọdún mẹ́wàá ni. Ẹ̀wù tí a gé sí ìdajì, ìdámẹ́rin ọjọ́ orí rẹ̀ ló kù. Nígbà tí Àǹtí mi ṣàlàyé èyí fún mi ni mo lóye ìdí tí wọ́n fi ń lo bísíkíítì, àwọn kọnkéré pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ irin kó má baà kan pákó. Mo ti rí i tí wọ́n ń fi òkúta lásán ṣe é, tí òkúta ń yí dànù bí ẹsẹ̀ bá kàn án. Ní ti òpó ìkẹjọ mi, ẹ̀wù kankan ò sí. Ihòòhò ni irin wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un dé ilé tí mo dàgbà sí ní Òkè-Àdó. Bàbá mi kọ́ ọ ní 1978. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kọnkéré kan tó tó àkàrà ńlá já bọ́ lábẹ́ bákónì, díẹ̀ ló kù kó ba aláṣọ òkè tó ń kọjá. Mo gbé e lọ́wọ́ nígbà náà, mo sì jù ú nù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo padà lọ wo ibẹ̀. Irin tó yọjú kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ mọ́, pupa fòò, ó ń bó bí èèpo ọsàn gbígbẹ. Mo fi èékánná wọn kọnkéré tó kù tó bò ó. Kò ju èékánná lọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. A kàn ń kùn ún lọ́dọọdún Kérésì ni.

Bákónì tún ní wàhálà tirẹ̀. Nítorí pé ó nà síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, òkè ni irin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Lọ́jọ́ dẹ́kìn, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń da kọnkéré àjà, orí irin yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń gbà kọjá pẹ̀lú páànù lórí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú dẹ́kìn tó nípọn mìlímítà 150, tí irin bá sọ̀ kalẹ̀ ní 50, ó ti pàdánù ju ìdámẹ́ta agbára rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iye irin kò yí padà. Bí ẹ bá ka irin, ó pé. Ìwé mi ì bá ti sọ pé ó pé.

## Àpò kan, iye kan

Bí ilé bá wó ní ilẹ̀ wa, a mọ ohun tí a máa ń sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkọ̀tún, èèyàn 116 kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ti Ìta Fàájì wó, ilé ìwé sì wà lókè rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lórí Gerrard Road ní Ìkòyí wó, ó pa èèyàn tó lé ní 40. N kò ní sọ pé bí wọ́n ṣe da kọnkéré ló wó wọn. Ilé tó bá wó máa ń ní ju ìdí kan lọ, ìwádìí sì ni iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni pé bí ariwo bá sọ, ohun tí a rà la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú wò. Sìmẹ́ǹtì wo ni? Irin wo ni? Ní 2014 yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì gba ìgboro, tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi ní kí sìmẹ́ǹtì onípele agbára 32.5 mọ ní iṣẹ́ rírẹ́ ògiri, kí 42.5 jẹ́ ti kọnkéré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà wà lára àpò, ẹni tó bá mọ̀wé lè kà á. Wọn kì í kọ nǹkan kan sára omi.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń san owó iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ sáìtì, àwọn tó ń da kọnkéré, iye àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò ni wọ́n ń gbowó lé. Àpò kan, iye kan. Bí wọ́n bá tètè parí, wọ́n tètè lọ síbòmíràn. Kò sí owó fún gbígbọ̀n ọ́n, kò sí fún fèrèsé ara pákó, kò sí fún dídúró de epo. Gbogbo ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi ṣe é dáadáa, àpò ara wọn ló ń jò. A wá ń pè wọ́n ní oníwà ìbàjẹ́. Àwa la kọ àdéhùn tó ń san wọ́n lówó láti ba ilé wa jẹ́, a sì tún se ìrẹsì ọjọ́ dẹ́kìn fún wọn jẹ.

Kódà àyẹ̀wò tí à ń gbójú lé lè tàn wá. Mo ti ń yangàn pé n ó ṣe kúúbù: wọ́n á bu kọnkéré sínú àpótí irin kékeré, wọ́n á fọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ 28 láti mọ agbára rẹ̀. Àǹtí mi ní, "Kúúbù á yè. Ẹni tó ń ṣe kúúbù ń gún un dáadáa, ipele lórí ipele, torí inú àpótí kékeré ló wà. Ta ló gún òpó rẹ?" Kúúbù ń sọ irú ẹni tí kọnkéré ì bá jẹ́, ká ní a tọ́ ọ dáadáa.

## Ìkẹjọ

A wó o. Wọ́n gbẹ́ ẹ wò lákọ̀ọ́kọ́, bóyá ojú ara ni lóòótọ́, ká lè gbẹ́ èyí tó bàjẹ́ kúrò títí dé ibi tó le, ká fọ̀ ọ́, ká fi kọnkéré olókúta wẹ́wẹ́ dí i. Àmọ́ ihò náà gba ẹ̀yìn irin kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tó dán yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday, òpó ìkẹjọ ti di àlàpà. Bàbá Bíríkìlà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi, ó ní, "Láńlọ́ọ̀dù, ẹ ra epo sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan.

Ọjọ́ dẹ́kìn, owó ojúmọ́ ni mo san, kì í ṣe iye àpò. Mo kun ìlà pupa sára kẹ́ẹ̀gì omi. Ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bu omi dé ojú ìlà náà lọ. Mo fún un ní àga. A tẹ́ pákó sórí irin kí wọ́n máa gbà á kọjá. Èmi dúró ti míkísà. Bóyá wọ́n jí àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀. N ò kà á.

Ọjọ́ kejì ni omi wá di ohun tí kọnkéré ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: a ń fún un lómi nígbà tí kò béèrè, a wá ń fi omi dù ú nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọjọ́ méje, ó kéré tán, ló yẹ kó fi wà nínú omi kí sìmẹ́ǹtì lè parí iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá lára, níbi tí ẹ̀wù irin wà. Oòrùn wa kì í fún un láàyè. Mo tẹ́ àpò ìrẹsì tó rin gbingbin sórí dẹ́kìn, mo ń fi róòbà wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Aládùúgbò mi kan tí òun náà ń kọ́lé lódìkejì títì dúró lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń wò mí. "Ẹ ẹ̀ kúkú gbin nǹkan síbẹ̀," ló ní. Mo ṣàlàyé díẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ di gígùn, ó di ti òpó ìkẹjọ, ó di ti ihò tí ìka mi wọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ilé tirẹ̀ lókèèrè. Wọ́n ti rẹ́ ẹ tán, wọ́n ti ń kùn ún.

"Háńmà yẹn ńkọ́," ló ní, "ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

A jọ sọdá títì. Mo kan òpó àkọ́kọ́. Kán-ín. Mo bọ́ sí èkejì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo kàn án, mo sì tún un kàn. Ó ń wo ojú mi.